Bí a ṣe ń gbin àgbàdo gúgúrú nínú ilé, láti orí irúgbìn títí dé inú ìkòkò

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìhòòhò ni àgbàdo ń wọ oko, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ̀ wálé, igba aṣọ ni yóò wọ̀, igba ọmọ ni yóò sì pọ̀n. Oko gbalasa ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ṣẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bó ṣe wù ú. Nínú yàrá, aṣọ nìkan ni àgbàdo máa ń rí wọ̀ bí ẹni tí ó gbìn ín kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe fún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gbin igi mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn. Wọ́n ga, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì yọmọ. Nígbà tí mo bó háríhá ọmọ tí ó tóbi jù nínú wọn, hóró mọ́kànlá ni mo kà lára ṣùkù, tí wọ́n dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó.

Ibi méjì ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́: ìgbà tí ó yẹ kí akọ àti abo àgbàdo pàdé, àti ìgbà tí ó yẹ kí hóró gbẹ. Ìyókù kò le ju títọ́jú ata inú ike lọ, nítorí náà orí ibi méjèèjì yìí ni n ó ti pẹ́ jù.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ara wa. Igi kọ̀ọ̀kan nínú rọ́bà sábà máa ń so ọmọ kan tí ó dára, bóyá méjì, ọmọ náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Igi méjìlá tí mo gbìn lẹ́ẹ̀kejì fún mi ní hóró tí kò kún kọ́ọ̀bù méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ gúgúrú yó, kí ó lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, owó rẹ̀ yóò dín. Ẹni tí ó fẹ́ rí i bí ó ṣe ń hù, tàbí tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ òun mọ̀ pé gúgúrú kì í ti inú ọ̀rá wá, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Gbogbo àgbàdo kọ́ ni ó ń di gúgúrú. Èyí tí a ń sè jẹ tàbí tí a fi ń ṣe ògì ní inú tí ó rọ̀ àti èèpo tí kò lágbára tó. Bí a bá yan án, ó lè là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi gúgúrú àtijọ́ tí a máa ń rún pẹ̀lú ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kì í tú bí òwú. Àgbàdo gúgúrú gan-an ní èèpo líle tí kì í jẹ́ kí ooru jáde, inú rẹ̀ sì le gbagidi pẹ̀lú omi díẹ̀ tí ó fara pamọ́ síbẹ̀. Bí hóró náà bá gbóná tó nǹkan bí 180°C, omi yẹn á ti di ooru tí ń wá ọ̀nà àbáyọ, èèpo á bẹ́, inú á sì tú síta. Omi tí ó yẹ kí ó wà nínú hóró jẹ́ nǹkan bí 13.5 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Irúgbìn

Hóró gúgúrú gbígbẹ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, tí wọn kò fi òróró tàbí iyọ̀ sí, sábà máa ń hù. Èyí tí ó wà nínú báàgì oníwèé tí a ń gbé sínú máíkírówéèfù kò wúlò fún wa, nítorí wọ́n ti po òróró àti iyọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má kàn gbà pé yóò hù ṣá. Ẹ ka hóró mẹ́wàá, ẹ wé e sínú aṣọ tí ó lómi díẹ̀, ẹ gbé e sínú abọ́ tí a dé, kí ẹ sì wò ó ní ọjọ́ karùn-ún. Bí mẹ́jọ bá ti yọ gbòǹgbò, irúgbìn náà dára. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ fi ìyókù yan jẹ, kí ẹ wá òmíràn.

Àléébù hóró inú ọ̀rá ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ àgbàdo tí wọ́n da irú méjì pọ̀ láti bí, nítorí náà igi kan lè ga kan àjà nígbà tí èkejì rẹ̀ kò ju ìbàdí lọ. Àwọn tí ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà ní àǹfààní láti ra irú tí ó kúrú láti ilé ìtajà irúgbìn: Tom Thumb kì í ga púpọ̀ ju mítà kan lọ, ó sì ń gbó ní nǹkan bí ọjọ́ 85 sí 90; Strawberry ga jù ú lọ díẹ̀, ọmọ rẹ̀ pupa, ó sì rí roboto. Ẹ má ṣe di irúgbìn bẹ́ẹ̀ sínú àpótí ìrìn-àjò wá sílé fún ẹbí, nítorí òfin Nàìjíríà béèrè ìwé àṣẹ fún irúgbìn tí ó bá ń wọlé.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù lórí irúgbìn. Èyí tí wọ́n ṣe fún gbígbìn nìkan lè ní oògùn lára, wọ́n sì máa ń pa á láró pupa tàbí búlúù kí ojú lè mọ̀ ọ́n. Ẹni kankan kò gbọdọ̀ yan irú rẹ̀ jẹ, kí ọwọ́ ọmọdé má sì ṣe tó o.

Ibi tí oòrùn ti ń wọlé

Àgbàdo fẹ́ràn oòrùn ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ń gbìn sínú ilé lọ. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ti oòrùn gidi ni ó ń fẹ́ lójúmọ́, ojúmọmọ lásán tí ó ń mọ́lẹ̀ sínú yàrá kò sì tó o. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní àtàrí, kì í wọ fèrèsé. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń wọlé. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ni ó dára jù fún wa, èyí tí ó kọjú sí gúúsù sì máa ń gba oòrùn dáadáa láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní. Ní Lọ́ńdọ̀nù, fèrèsé gúúsù ni kí ẹ máa wá ní gbogbo ọdún. Bí ẹ bá ní bárándà tí a fi nẹ́ẹ̀tì tàbí gíláàsì dí, ibẹ̀ dára ju inú yàrá èyíkéyìí lọ.

Ohun kan wà tí kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Bí a bá gbé rọ́bà sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ọ̀gán tí àgbàdo bá hù, òkùnkùn ògiri ni ó wà, oòrùn ń kọjá lórí rẹ̀. Ó máa ń na ọrùn, ó máa ń tín-ín-rín, ó sì máa ń tẹ̀ síwájú. Ẹ to búlọ́ọ̀kù méjì sábẹ́ rọ́bà kọ̀ọ̀kan kí ewé àkọ́kọ́ lè tó ojú fèrèsé, kí ẹ sì máa yọ búlọ́ọ̀kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí igi bá ṣe ń ga.

Níbi tí oòrùn kò bá ti tó, iná ni yóò gbà á. Gílóòbù tí a fi ń ríran kò lè ṣe é. Iná LED tí wọ́n ṣe fún ohun ọ̀gbìn ni kí ẹ rà, kí ẹ so ó kọ́ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sókè orí ewé, kí ẹ sì máa gbé e sókè bí igi bá ṣe ń lọ sókè. Wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́ dára fún àwọn irú tí ó wá láti ìlú olótùútù. Àgbàdo tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa ní tirẹ̀ ti mọ́ ara pẹ̀lú ọjọ́ tí kò ju nǹkan bí wákàtí méjìlá lọ. Bí a bá tan iná fún un fún wákàtí mẹ́rìndínlógún, ewé ni yóò máa yọ, kò ní tètè ronú àti tanná. Ti iná tí ó máa ń lọ kò fi bẹ́ẹ̀ burú: alẹ́ kan nínú òkùnkùn kò pa àgbàdo rí, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í rí iná ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, kí ó gbára lé fèrèsé.

Ẹni tí kò ní fèrèsé oòrùn, tí kò sì ní iná, lè gbin hóró náà fún ewé rẹ̀ nìkan. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ nínú àwo tí kò jìn, ẹ bò ó kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án, kí ẹ sì gé e ní bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ọ̀mùnú náà máa ń pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì máa ń dùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á di àwọ̀ ewé, á sì korò.

Rọ́bà, ilẹ̀ àti gbígbìn

Òfìfo rọ́bà ọ̀dà oní-lítà 20 ni mo ń lò, igi méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé àwo tí yóò gba omi tí ń jò. Ilẹ̀ ọgbà nìkan máa ń dì bí bíríkì nínú rọ́bà, nítorí náà ẹ po ilẹ̀ dúdú ìdá méjì, ewé tí ó ti jẹrà ìdá kan, àti iyanrìn ìdá kan. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, ṣùgbọ́n kí ó ti gbẹ kí ó sì ti pẹ́ tó oṣù mélòó kan. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò, òórùn rẹ̀ yóò sì lé yín jáde nínú pálọ̀ yín. Rọ́bà kan tí ó kún fún ilẹ̀ tútù lè wúwo tó kílò 25 sí 30, nítorí náà ẹ gbé e sí àyè rẹ̀ kí ẹ tó bu ilẹ̀ sí i.

Rọ́bà mẹ́fà ni ó kéré jù tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn láti lò, kí ẹ tò wọ́n ní ìlà méjì tí ó ní mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n fara kan ara wọn. Ẹ má tò wọ́n ní ìlà gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ rẹ hóró sínú omi mọ́jú, ẹ gbìn ín sínú ihò tí ó jìn tó 3 sẹ̀ǹtímítà, hóró mẹ́ta sí ihò kan, ihò méjì sí rọ́bà kan. Rọ́bà mẹ́ta ni kí ẹ gbìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ gbin mẹ́ta yòókù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ yóò hàn láìpẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá, wọ́n á ti hù. Bí wọ́n bá ga tó ìka àárín, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé èyí tí kò lágbára, kí ó ku ẹyọ kan ní ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà á tu, nítorí gbòǹgbò wọn ti wé mọ́ ara wọn.

Omi àti ajílẹ̀

Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀; bí ó bá gbẹ dé oríkèé àkọ́kọ́, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi jáde nísàlẹ̀. Bí ewé bá ká bí ẹní lọ́sàn-án, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bí ó bá ṣì ká báyìí ní òwúrọ̀, ẹ ti pẹ́ jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ wọ́n ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó ṣíbí tíì kan sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí ó jìnnà sí igi ní bí 5 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì bomi rin ín lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá tó orókùn, ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì ajílẹ̀ yúríà kún un. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n láti ṣóńṣó wá sí àárín, yúríà yẹn ni ó ń béèrè. Bí gbòǹgbò bá ń yọ láti ara igi lókè ilẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró ni.

Ẹ̀yin gan-an ni afẹ́fẹ́

Igi àgbàdo kọ̀ọ̀kan ní akọ àti abo lára. Akọ ni ìtànná tí ó ń yọ ní orí pátápátá, tí ó ń fì bí ìrùkẹ̀rẹ̀ ọba. Abo ni ọmọ tí ó ń yọ láàárín ewé àti igi, tí irun rẹ̀ ń jáde lẹ́nu háríhá. Okùn irun kọ̀ọ̀kan ni ó so mọ́ àyè hóró kan lára ṣùkù. Bí lẹ́búlẹ́bú akọ kò bá bà lé okùn kan, hóró tirẹ̀ kò ní sí. Nínú oko, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú yìí káàkiri. Nínú ilé, ó máa ń já bọ́ tààrà sílẹ̀. Mo tilẹ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá tèmi dànù nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé eruku ni.

Akọ ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí, irun abo á sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bí òùngbẹ bá gbẹ igi lásìkò yìí, irun máa ń pẹ́ jáde, nígbà tí yóò sì fi yọjú, lẹ́búlẹ́bú ti tán lórí akọ. Nítorí èyí ni a ṣe gbìn ín ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí igi tí ó kẹ́yìn lè ní lẹ́búlẹ́bú fún irun tí ó bá pẹ́. Nítorí rẹ̀ náà ni omi kò fi gbọdọ̀ wọ́n igi láti ìgbà tí akọ bá ti ń yọ títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Rọ́bà kan lè mu lítà kan sí méjì lójúmọ́.

Bí ẹ bá rí ohun kéékèèké tí ó gùn bí hóró ìrẹsì tí wọ́n so rọ̀ lára akọ, ó ti yá. Ẹ dúró di nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ìrì tàbí omi orí ewé bá ti gbẹ. Ẹ pa fáànù. Ẹ mú àpò ìwé, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá máa ń làágùn, lẹ́búlẹ́bú á sì dì mọ́ra. Ẹ rọra tẹ orí igi wọ inú àpò náà, kí ẹ gbọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin. Nígbà tí ẹ bá yẹ inú rẹ̀ wò, ẹ ó rí ohun pípọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ó kúnná bí àtíkè, pẹ̀lú àwọn èèpo tí ó ti já bọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lára gbogbo igi tí ó ti ṣí, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan bù ú sórí irun ọmọ kọ̀ọ̀kan, lókè, nísàlẹ̀, àti lẹ́yìn tí ó kọjú sí igi. Ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, ibẹ̀ náà ni ṣùkù wọn sì máa ń pá.

Ẹ tún un ṣe ní òwúrọ̀ márùn-ún sí méje tẹ̀léra, torí pé irun kì í jáde tán lọ́jọ́ kan. Ti ìdí ṣùkù ni ó ń kọ́kọ́ yọ, ti ṣóńṣó ni ó ń kẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi lẹ́búlẹ́bú pamọ́ di ọ̀la, láàárín wákàtí mélòó kan ni ó ń kú, oru yàrá tí ó bá ju 35°C lọ sì tètè máa ń pa á. Irun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín bóyá iṣẹ́ ti bọ́ sí i: èyí tí ó bá ti gbà á yóò dáwọ́ gígùn dúró, á rọ, á sì di àwọ̀ ilẹ̀, èyí tí kò bá rí i gbà yóò máa gùn lọ, tí yóò sì máa tutù bí ẹni tí ń dúró de àlejò.

Kòkòrò

Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni oògùn tí ó dára jù. Ìdin tí a ń pè ní fall armyworm, tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2016, máa ń ti ara àfòpiná tí ó fò wọlé lóru bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò lára ewé àti ìgbẹ́ tí ó dà bí lẹ́búlẹ́bú pákó nínú kòròfo orí igi, ẹ tú ewé náà wò, kí ẹ fi ọwọ́ mú ìdin náà jáde. Fún àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń mu omi ewé, omi ọṣẹ díẹ̀ tó. Ẹ má fọ́n oògùn oko sínú yàrá tí ẹ ń sùn sí.

Kíkó àti gbígbẹ

Lẹ́yìn tí àgbàdo gúgúrú bá ti tó èyí tí a ń sè jẹ, ó ṣì ku oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi sílẹ̀ lórí igi títí háríhá yóò fi gbẹ bí ìwé. Ẹ yọ hóró kan, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tí ó ti so mọ́ ṣùkù: bí àmì dúdú bá ti wà níbẹ̀, oúnjẹ kò lọ sínú rẹ̀ mọ́, ó ti gbó. Láti ìgbà yẹn, ẹ dáwọ́ omi dúró.

Àjà ilé ìdáná ni àwọn bàbá wa ń so àgbàdo kọ́ sí, ó sì dára fún èyí tí wọ́n máa gbìn tàbí tí wọ́n máa lọ̀. Fún gúgúrú, ooru ààrò pọ̀ jù. Ó lè mú omi inú hóró lọ sílẹ̀ ju 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Sísá a sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán náà kò dára, nítorí èèpo lè sán wẹ́wẹ́, ooru á sì máa gba ibẹ̀ jò. Ẹ bó háríhá sẹ́yìn, ẹ fi so wọ́n ní méjì méjì, kí ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì lè ti tó. Nígbà òjò, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì ṣọ́ra fún èbu.

Nígbà tí ẹ bá fi ọmọ méjì gbo ara wọn tí hóró ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ẹ da òróró ṣíbí kan sínú ìkòkò, ẹ ju ogún hóró sí i, ẹ dé e. Bí mẹ́tàdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá tú dáadáa, ó ti tó. Bí wọ́n bá là díẹ̀ tí wọ́n sì ń fà ní eyín, omi ṣì pọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí ó tún gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó dán an wò. Bí ọ̀pọ̀ bá kọ̀ tí kò là rárá, ó ti gbẹ jù, èyí sì ní àtúnṣe: ẹ da hóró sínú ìgò oní-lítà kan títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kún, ẹ fi omi ṣíbí ọbẹ̀ kan sí i, ẹ dé e pa, ẹ máa mì ín títí omi yóò fi wọ̀ ọ́ tán, kí ẹ sì dúró ní ọjọ́ mẹ́rin. Ti ìkórè mi kejì gbẹ jù nínú ọyẹ́, hóró mẹ́jọ péré ni ó là nínú ogún. Lẹ́yìn omi ṣíbí kan àti ọjọ́ mẹ́rin, mọ́kàndínlógún ni ó tú.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ gbìn lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da omi sínú ìgò náà. Ẹ mú un láti àárín ṣùkù mẹ́ta mẹ́rin tí ó kún jù, kì í ṣe láti ara ẹyọ kan, kí ẹ sì kọ oṣù tí ẹ kó o sára ìgò rẹ̀.